Bí a Ṣe Ń Sọ̀kalẹ̀ sí Ihò tó Jìn Jù Lọ Láyé, àti Bí a Ṣe Ń Jáde Níbẹ̀

Ihò Veryovkina wà lórí àwọn òkè Arabika ní Abkhazia, nítòsí Òkun Dúdú, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lè rò pé kòtò kan lásán ni. Lọ́dún 2018, àwọn tó sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé ó jìn tó 2,212 mítà. Lórí òkè kan náà ni ihò Krubera wà, tí àwọn mìíràn ń pè ní Voronya, èyí tó túmọ̀ sí ihò àwọn kannakánná. Òun ni ihò àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn sọ̀kalẹ̀ sí ju 2,000 mítà lọ, ní oṣù kẹwàá ọdún 2004.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè bí a ṣe ń wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè nípa ìsàlẹ̀ nìkan. Ní tèmi, ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ìwúwo ara yín ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún yín. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ìwúwo kan náà di ẹrù tí ẹ óò fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbé gòkè ju kìlómítà méjì lọ, nínú òtútù, lẹ́yìn tí ó ti rẹ̀ yín. Nítorí náà, gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, láti orí okùn dórí oúnjẹ, ìpadàbọ̀ ni mo fi ń wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó gbẹ́ ihò náà

Òkúta ẹfun ni òkè Arabika. Òjò tó ń rọ̀ àti yìnyín tó ń yọ́ máa ń gba inú ilẹ̀ kọjá, wọ́n á sì kó gáàsì kan náà tí a ń mí síta mọ́ra, débi tí omi náà yóò fi kan díẹ̀, tí yóò sì máa jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún. Ibi tí òkúta ti là ni omi ti ráyè wọlé. Ibi tó ti wọlé ló ń mú fẹ̀ sí i, títí tí yóò fi di kòtò tí ènìyàn lè rọ̀ sínú rẹ̀. Ní 1984, àwọn onímọ̀ da aró sínú omi tó ń ṣàn nínú àwọn ihò Arabika, aró náà sì jáde nínú àwọn ìsun omi tó wà létí Òkun Dúdú nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà omi kan wà láti orí òkè dé etí òkun, ó sì fún àwọn awáhò, ìyẹn àwọn tó ń wọ inú ihò láti wádìí rẹ̀, ní ìdí láti máa walẹ̀ lọ fún ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ èyí ni pé omi ló ni ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà. Gbogbo kòtò tí ẹ óò fi okùn sọ̀, omi ló gbẹ́ ẹ, bí òjò ńlá bá sì rọ̀ lókè, omi yóò tún padà wá lo ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí kò ì tíì ṣe tán láti wọlé.

Ọdún ni a fi ń múra

Kò sí ẹni tó ń fi ihò Veryovkina bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ẹgbẹ́ àwọn awáhò tó wà nítòsí yín, kí ẹ bá wọn wọ ihò tí ó tẹ́jú, kí ẹ mọ bí a ti ń fà kọjá níbi tóóró, bí a ti ń rìn nínú ẹrẹ̀ àti omi láìpàdánù iná, àti bí ara yín ti máa ń ṣe nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò kọ́ iṣẹ́ okùn kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀nà tí ènìyàn fi ń sọ̀ tí ó sì ń gòkè lórí okùn kan tí a so mọ́ àpáta. Ẹ kọ́ ọ lórí igi tàbí lára ògiri gíga ní ojú ọ̀sán ná, kí ẹ sì máa tún un ṣe títí ọwọ́ yín yóò fi mọ ọ́n láìwo ojú. Mo mọ àwọn tó máa ń di ojú ara wọn pẹ̀lú aṣọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò yìí. Àbá rere ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí àwọn ihò tó jìn ní ọgọ́rùn-ún mítà, lẹ́yìn náà ọ̀ọ́dúnrún, lẹ́yìn náà ẹgbẹ̀rún. Gouffre Berger ní ilẹ̀ Faransé, tí í ṣe ihò àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ̀ ju 1,000 mítà lọ, ní 1956, ṣì jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ awáhò ti ń dán agbára wọn wò. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá tíì sọ̀ kọjá ẹgbẹ̀rún mítà, tí kò sì tíì sun ọ̀pọ̀ òru nínú ilẹ̀ láìjáde, kò yẹ kó gba ipò nínú ẹgbẹ́ tó ń lọ sí Arabika, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó. Ohun tí ihò ńlá ń dán wò ju agbára lọ ni sùúrù ẹni lọ́jọ́ kẹsàn-án, nígbà tí aṣọ kò gbẹ tí oúnjẹ kò sì wù ẹni jẹ mọ́.

Ẹ má sì dá lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn awáhò bá òkú ọkùnrin kan lórí okùn nínú ihò Veryovkina, ní ibi tó jìn ní nǹkan bí 1,100 mítà. Òun nìkan ló wọlé, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí òtútù mú un.

Ìwé, àkókò àti ọ̀nà

Abkhazia ń ṣe ìjọba ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè díẹ̀ péré, tí Rọ́ṣíà wà lára wọn, ló kà á sí orílẹ̀-èdè. Jọ́jíà gbà pé ilẹ̀ òun ni, òfin rẹ̀ sì ka wíwọ ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Rọ́ṣíà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọba sì ń gba àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe lọ rárá, èyí tó lè mú kí ìwé adójútòfò ìrìn-àjò yín má níṣẹ́ kankan. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó ra okùn kan.

Ẹnu ihò náà ga ju 2,200 mítà lọ sí ojú òkun, yìnyín sì máa ń bo òkè náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lọ.

Okùn àti irin

Okùn tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí kì í nà bíi ti àwọn tó ń gun òkè. Ọgọ́rùn-ún mítà okùn tó nípọn ní mílímítà mẹ́sàn-án wúwo tó nǹkan bíi kílò márùn-ún kí omi tó mu ún, ẹ ó sì nílò ju ẹgbẹ̀rún méjì mítà lọ. Ẹ wá fi ojú inú wo iye àpò tí ẹ óò máa fà gba inú ibi tóóró. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi okùn kan ṣoṣo ṣe ihò náà. Kòtò kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀, tí a gé tí a sì ti kó sínú àpò ní ìlà, tí a kọ orúkọ kòtò náà sí lára, kí ẹni tó ń lọ ṣíwájú lè kàn fa orí okùn jáde láìwá a kiri.

Kò yẹ kí okùn fara kan àpáta níbikíbi tí ẹnì kan bá rọ̀ sórí rẹ̀. Òkúta ẹfun máa ń mú bí ọ̀bẹ. Bí ènìyàn ṣe ń gòkè tó ń mì lókè-mì-sálẹ̀, òkúta náà yóò máa ha okùn ní ojú kan. Ìdí nìyí tí a fi ń lu bóòtù, ìyẹn irin kékeré tí a ń so okùn mọ́, sára àpáta ní ọ̀nà kòtò, tí a óò tún so okùn mọ́ ọn níbẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀ gbọọrọ sínú òfìfo. Ibi ìtúnso yìí ni àwọn tó kú díẹ̀ káàtó ti máa ń ṣe àṣìṣe, nítorí náà mo fẹ́ rọra ṣàlàyé rẹ̀.

Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀gangan bóòtù náà, ẹ dúró, kí ẹ ti irin ìsọ̀kalẹ̀ pa, ìyẹn irin tí okùn ń gba inú rẹ̀ kọjá tí kì í jẹ́ kí ẹ já sísàlẹ̀. Okùn ìdè méjì ló wà níwájú bẹ́líìtì tó gbé ara yín dúró, ọ̀kan kúkúrú, èkejì gùn. Ẹ mú èyí tó kúkúrú, kí ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ há bóòtù náà, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnu ìkọ́ náà ti pa dé. Ẹ wá tú irin ìsọ̀kalẹ̀, kí ẹ sọ̀ díẹ̀ sí i, títí ìwúwo yín yóò fi bọ́ sórí okùn ìdè náà pátápátá. Nísinsìnyí okùn òkè ti dẹ̀. Ẹ yọ irin ìsọ̀kalẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fi sórí okùn ìsàlẹ̀, kí ó sún mọ́ koko bí ó bá ti lè ṣe é ṣe tó, kí ẹ sì tún ti irin náà pa. Ẹ fi okùn ìdè gígùn há ibẹ̀ pẹ̀lú kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ inú okùn òkè tó rọ̀ sílẹ̀ bí òrùka, kí ẹ dìde dúró lórí rẹ̀, kí ẹ yọ okùn ìdè kúkúrú, kí ẹ sì rọra jókòó sórí irin ìsọ̀kalẹ̀. Bí ó bá gbé yín, tí kò yọ̀, nígbà náà ni ẹ óò yọ okùn ìdè gígùn. Kí ẹ tó máa lọ, ẹ ké sókè pé okùn ti ṣófo, kí ẹni tó wà lókè lè mọ̀ pé ó kan òun. Ẹ óò ṣe èyí lọ́pọ̀ ìgbà lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó kún fún ẹrẹ̀, àpò ẹrù sì ń fì nísàlẹ̀ bẹ́líìtì yín. Ìlànà kan ni mo mọ̀ tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: a kì í yọ ohun kan kúrò lára okùn títí òmíràn yóò fi gbé wa.

Gígòkè ní ọ̀nà tirẹ̀. Irin eléyín méjì ni a ń lò, ọ̀kan ní àyà, èkejì ní ọwọ́ pẹ̀lú okùn tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n máa ń gòkè lára okùn ṣùgbọ́n wọn kì í yọ̀ padà. Ẹ óò jókòó, ẹ óò ká ẹsẹ̀ jọ bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ óò sì nà án láti dìde. Bí ìdìde kan bá gbé yín ní ogójì sẹ̀ntímítà, 2,200 mítà yóò gba ìdìde 5,500. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yìí wà lọ́kàn yín nígbàkígbà tí ẹ bá ń kó ẹrù tí ẹ rò pé ẹ lè nílò.

Òtútù, iná, aṣọ

Nínú àwọn ihò ńlá Arabika, ooru inú afẹ́fẹ́ máa ń wà láàárín 4 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi náà kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ òtútù kò ní ka ìwọ̀n yìí sí nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún ọ̀rinrin débi pé aṣọ tó bá tutù kò ní gbẹ mọ́, àfi tí ẹ bá fi ooru ara yín gbẹ ẹ́. Aṣọ olówùú kò wúlò rárá. Ẹ wọ aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ń mú ooru dúró kódà bí ó tutù, kí aṣọ tó nípọn tí omi kì í tètè wọ̀ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì di aṣọ ìsùn sínú àpò tí omi kò lè wọ̀, tí ẹ kò ní ṣí fún ìdí kankan títí ẹ óò fi dé àgọ́.

Nígbà tí òtútù bá ti ń wọ ènìyàn lára, òun gan-an ni kì í mọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa wúwo, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè ṣí ìkọ́, yóò sì máa sọ pé ara òun yá. Ẹ gba ìpinnu lọ́wọ́ ẹni náà, kí ẹ fún un ní ohun gbígbóná, kí ẹ sì mú un lọ síbi tí omi kò ti ń ta sí i. Ẹni tó bá dákú lórí okùn kò gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí bí ènìyàn bá rọ̀ nínú bẹ́líìtì láìmira, ìṣẹ́jú díẹ̀ lè tó láti pa á; gbogbo ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń gòkè lọ bá a, kí a sì fi irin ara wa gbé e sọ̀kalẹ̀.

Iná mẹ́ta ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, tí ọ̀kan nínú wọn wà lórí akoto. Ní ti bátìrì, ẹ kó o dáadáa.

Gbígbé nínú ilẹ̀

Ìrìn dé ìsàlẹ̀ àti ìpadàbọ̀ máa ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, bí ẹgbẹ́ náà bá sì ń ṣe ìwádìí, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a fi ń pa àgọ́ sí oríṣiríṣi ìjìn, níbi tó gbẹ tí ó sì ga ju ojú ọ̀nà omi lọ. Ẹ yẹ ògiri wò kí ẹ tó na àgọ́: bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ tuntun tàbí ewé tó lẹ̀ mọ́ àpáta lókè orí yín, omi ti dé ibẹ̀ rí, ó sì lè tún dé.

Kò sí ọ̀sán kò sí òru níbẹ̀. Ní 1962, Michel Siffre, onímọ̀ ilẹ̀ ará Faransé, gbé inú ihò fún oṣù méjì láìní aago lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní kó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ló rò pé àwọn wà. Ẹ so oorun àti oúnjẹ yín mọ́ aago, nítorí ara yín kò ní sọ òótọ́ fún yín. Oúnjẹ tó ní ọ̀rá àti adùn, tí kò wúwo, tí ó sì yá láti sè ni kí ẹ kó. Ẹ jẹun kí ebi tó pa yín. Ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ni a ń dì sínú ọ̀rá tí a sì ń gbé jáde, nítorí omi tó ń kọjá níbẹ̀ ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ àti àwọn tó wà létí òkun ń mu. Ohun abẹ̀mí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ihò Krubera, ní 1,980 mítà, ni wọ́n ti rí kòkòrò kékeré kan tí kò ní ojú, tí wọ́n sọ ní Plutomurus ortobalaganensis, tó ń jẹ èébu, irú èyí tó ń hù lórí oúnjẹ tó ti bàjẹ́, àti ohun tó ń jẹrà. Ẹ fọ aṣọ àti okùn yín dáadáa kí ẹ tó gbé wọn lọ sí ihò mìíràn, pàápàá níbi tí àdán wà, nítorí irú èébu kan ti pa àìlóǹkà àdán ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2006.

Nígbà tí omi bá dé

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ẹgbẹ́ kan wà nítòsí ìsàlẹ̀ Veryovkina nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ìsàlẹ̀ wá bá wọn. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ohun èlò wọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun okùn, omi sì ń dà lé wọn lórí láti òkè bí èyí tó wà nísàlẹ̀ ti ń lé wọn. Ìwọ̀n tí omi náà fi gòkè ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Gbogbo wọn jáde láàyè. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé wọn kò jókòó ṣe àríyànjiyàn nípa àpò.

Láti dín ewu yìí kù, ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀ lókè tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwo ojú ọjọ́ nìkan, kí ẹ sì na wáyà tẹlifóònù láti ẹnu ihò dé àwọn àgọ́, nítorí fóònù alágbèéká àti rédíò kì í ṣiṣẹ́ gba inú òkúta tó nípọn bẹ́ẹ̀. Wáyà yẹn, ẹ máa dán an wò ní àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún fọwọ́ sí ọjọ́ àti wákàtí kan tí ẹ óò ti jáde. Bí ó bá kọjá, ẹni tó wà lókè yóò pe àwọn olùdóòlà láìdúró de ẹnikẹ́ni. Níbi tí ihò bá ti rì sínú omi dé àjà, àwọn òmùwẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ nìkan ló lè kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ara yín sí ọ̀kan nínú wọn.

Bí ẹnì kan bá fara pa

Ẹ rántí pé kò sí ẹni tó lè gbé yín jáde kíákíá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, òkúta já lu orí Johann Westhauser nínú ihò Riesending ní Jámánì, ní nǹkan bí 1,000 mítà sísàlẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà kí wọ́n tó gbé e dé ojú oòrùn, ju ọgọ́rùn-ún méje ènìyàn lọ ló sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, inú Mark Dickey, ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùdóòlà awáhò, ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ihò Morca ní Tọ́kì, ó sì tún ju 1,000 mítà lọ sísàlẹ̀. Àwọn dókítà sọ̀ lọ bá a, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nínú ihò náà kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Àwọn méjèèjì yè. Àwọn ìtàn wọ̀nyí fi hàn pé iṣẹ́ ìgbàlà bẹ́ẹ̀ ní láti gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, nítorí náà àpótí oògùn tó lágbára, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, àti ibi gbígbóná tí aláìsàn lè dúró sí, gbọ́dọ̀ wà ní àgọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìpadàbọ̀

Ẹ pinnu kí ẹ tó wọlé pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ lè sọ pé a ó padà, láìsí ìbéèrè. Ẹ fi oúnjẹ àti bátìrì sílẹ̀ ní àwọn àgọ́ bí ẹ ti ń sọ̀, kí ó lè dúró dè yín. Nígbà tí ẹ bá ti fọwọ́ kan ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe pẹ́ níbẹ̀; ẹ ya àwòrán, ẹ wọn ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n, kí ẹ sì yí padà kí òtútù tó wọ̀ yín. Ẹ má ṣe kánjú ní ọjọ́ kìíní ìgòkè, nítorí ẹni tó bá ti lo gbogbo agbára rẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà yóò ṣì ní ẹgbẹ̀rún mítà lókè orí rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ̀ jù lọ ni kí ó wà láàárín, àwọn tó lágbára jù lọ ni kí ó wà lẹ́yìn, kí wọ́n máa tú okùn, kí wọ́n sì máa kó o bọ̀. Kòtò tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó jáde ní Veryovkina jìn ní mítà méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ óò sì máa gbóòórùn koríko láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rí ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń yá jù: ẹ ṣe ìtúnso tó gbẹ̀yìn bí ẹ ti ṣe àkọ́kọ́, ìkọ́ kan lẹ́yìn èkejì.